Ìtọ́jú Ìsoríkọ́ àti Bárakú Sìgá Pa Pọ̀

Ìtọ́jú ìsoríkọ́ àti bárakú sìgá pa pọ̀ ni ọ̀nà ìṣègùn tí wọ́n fi ń tọ́jú àìsàn méjèèjì lára ẹnì kan náà, lásìkò kan náà, láìjẹ́ pé ọ̀kan ń dúró de èkejì. Méjèèjì kì í sábà jìnnà síra wọn: ìsoríkọ́ wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń mu sìgá tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ti àwọn tí kì í mu ún. Ó pẹ́ tí ọ̀pọ̀ dókítà fi gbà pé kò yẹ kí wọ́n gba sìgá lọ́wọ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì, pé kí ara rẹ̀ kọ́kọ́ yá ná. Àánú ló bí èrò yẹn, àmọ́ ó pa àwọn aláìsàn lára, nítorí pé àrùn tí sìgá ń fà wà lára ohun tó ń gé ẹ̀mí àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ kúrú jù.

Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan téèyàn bá fa èéfín sínú, nikotíìnì, èròjà inú sìgá tó ń di bárakú síni lára, ti dé ọpọlọ, ó sì ti mú kó tú dopamine sílẹ̀, èròjà tó wà lára ohun tó ń jẹ́ kí nǹkan dùn mọ́ni. Kì í pẹ́ tí nikotíìnì náà fi ń lọ sílẹ̀. Bó bá ti ń lọ sílẹ̀, ara ẹni náà kò ní balẹ̀, inú á máa bí i, kò ní lè pọkàn pọ̀, ọkàn rẹ̀ á sì wúwo. Sìgá mìíràn á lé gbogbo rẹ̀ lọ, á wá dà bíi pé sìgá ló ń tù ú nínú. Gbèsè tí sìgá àkọ́kọ́ jẹ sílẹ̀ ni èkejì ń san.

Nítorí pé àwọn àmì yìí jọ ti ìsoríkọ́, ọ̀pọ̀ ẹni tó jáwọ́ máa ń rò pé àìsàn wọn ló padà dé, wọ́n á sì padà sídìí sìgá. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló sábà máa ń le jù. Púpọ̀ nínú àmì náà á rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Ó yẹ kí aláìsàn ti gbọ́ èyí kí ọjọ́ tó máa jáwọ́ tó dé. Tí ìbànújẹ́ bá kọ̀ tí kò lọ, tàbí tó bá ń ronú àtipa ara rẹ̀, kíá ló gbọ́dọ̀ rí dókítà. Àkójọ ìwádìí 26 tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ lọ́dún 2014 fi hàn pé ìsoríkọ́, àníyàn àti másùnmáwo dínkù lára àwọn tó jáwọ́ ju lára àwọn tí kò jáwọ́ lọ, títí kan àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ.

Oògùn ìsoríkọ́ ni bupropion kí Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí i fún jíjáwọ́ nínú sìgá lọ́dún 1997. Ẹni tí gìrì tàbí wárápá ń ṣe kò gbọ́dọ̀ lò ó. Fluoxetine àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wo ìsoríkọ́, àmọ́ wọn kì í ranni lọ́wọ́ láti jáwọ́.

Varenicline, oògùn mìíràn tí wọ́n fi ń ranni lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú sìgá, ló ba àwọn èèyàn lẹ́rù jù. Lọ́dún 2009, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó lágbára jù lọ sí i, torí ìròyìn pé ó ń fa ìsoríkọ́ àti èrò ìpara-ẹni. Ìwádìí EAGLES, tó jáde lọ́dún 2016, yẹ̀ ẹ́ wò lára èèyàn tó lé ní 8,000, tí nǹkan bí ìdajì wọn ní àìsàn ọpọlọ. Ìṣòro bẹ́ẹ̀ pọ̀ díẹ̀ lára àwọn aláìsàn ọpọlọ, oògùn yòówù kí wọ́n lò, àmọ́ varenicline kò dá kún un lọ́nà tó ṣe gbòógì. Òun ló sì ran èèyàn lọ́wọ́ jù láti jáwọ́. Wọ́n yọ ìkìlọ̀ náà lọ́dún yẹn kan náà.

Ìmọ̀ràn ojúkojú ń bá oògùn rìn. Nínú ọ̀kan lára ọ̀nà rẹ̀, aláìsàn á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwọn nǹkan tó máa ń múnú rẹ̀ dùn tẹ́lẹ̀, ìrìn ẹsẹ̀ tàbí ìbẹ̀wò ọ̀rẹ́, torí pé ìsoríkọ́ ti sọ ọjọ́ rẹ̀ dòfìfo, sìgá sì ti gba àyè ibẹ̀.

Ohun kan wà tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé. Èéfín sìgá, kì í ṣe nikotíìnì, ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè fọ́ àwọn oògùn kan túútúú, irú bíi duloxetine tó wà fún ìsoríkọ́, àti olanzapine àti clozapine tó wà fún àwọn àìsàn ọpọlọ mìíràn. Tí èèyàn bá jáwọ́, oògùn wọ̀nyí á pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ láìjẹ́ pé ó lò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nítorí náà, ó yẹ kí dókítà tó kọ oògùn náà mọ ọjọ́ tí aláìsàn fẹ́ jáwọ́, kó lè dín in kù fún un bó bá yẹ.