Ìgbà Tí Ẹ̀yìn Alùpùpù Ń Ké Ló Ń Sọ Ibi Tí Ó Ti Ń Ké

Bí ẹ̀yìn alùpùpù bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké fíín-fíín, ohun tí ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ní Abẹ́òkúta kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé wọ́n á tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á dẹtí, wọ́n á sì nàka sí ṣéènì. Etí kì í sábà mọ ibi tí irú ohùn bẹ́ẹ̀ ti ń wá, nítorí pé irin ni ó so gbogbo ẹ̀yìn ọ̀kadà pọ̀, ohùn tí ó bá sì bẹ̀rẹ̀ nínú họ́ọ̀bù, ìyẹn irin ríbiti tí ó wà láàárín táyà, lè gba ara irin náà dé abẹ́ ìjókòó kí ó tó jáde. Ohun tí etí mọ̀ dáadáa ni ìgbà. Ṣé ìgbà tí alùpùpù kó sí kòtò ni ó ké, àbí ìgbà tí táyà ń yí, àbí ìgbà tí a tẹ bíréèkì?

Ti kòtò kò le. Kí alùpùpù dúró sójú kan, kí ẹni tí ó sanra díẹ̀ fi ìdí tẹ ìjókòó lẹ́ẹ̀mélòó kan. Bí ó bá ké láìjẹ́ pé táyà yí, rọ́bà ṣọ́ọ̀kù ni, tàbí bọ́ṣì (òrùka tí a fi sí ibi tí irin ti ń yí) ti apá irin tí ó di táyà ẹ̀yìn mú, tàbí nọ́ọ̀tì kan tí ó ti tú lábẹ́ ìjókòó. Àwọn tí ń fi ọ̀kadà ru àpò gààrí jáde ní ọjà Lafẹ́nwá mọ ohùn yìí dáadáa.

Èyí tí ó gba ọgbọ́n ni igbe tí ń bá táyà yí. A ó gbé alùpùpù lé dọ́bù sítáǹdì, a ó fi jíà sí fírì, a ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára táyà, a ó wá máa fi ọwọ́ yí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ó bá ń ké lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo ìgbà tí àmì náà bá dé òkè, ara táyà fúnra rẹ̀ ni wàhálà wà: bíréèkì ni a ó kọ́kọ́ fura sí, lẹ́yìn rẹ̀ béárìn, ìyẹn àwọn bọ́ọ̀lù irin kéékèèké tí táyà fi ń yí. Ṣùgbọ́n bí àmì bá ti kọjá lókè lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí igbe náà tó padà, ṣéènì ni. Bí eyín sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn, irin eléyín tí ṣéènì ń gbé yí, bá jẹ́ 42, oríkèé ṣéènì 42 ni ó ń kọjá ní àyípo táyà kan. Bí gbogbo oríkèé náà bá sì jẹ́ 110, oríkèé kan ṣoṣo tí ìpẹtà ti mú le kò ní padà sí ààyè rẹ̀ títí táyà yóò fi yí ju ẹ̀ẹ̀mejì ààbọ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ṣéènì ló gbẹ, igbe náà kò ní sinmi rárá. Kí a nu ilẹ̀ pupa kúrò lára rẹ̀, kí a fi ọ́ìlì jíà díẹ̀ sí i, ó parí.

Ti bíréèkì ni kò parí bẹ́ẹ̀. Ṣúù méjì, ìyẹn irin méjì tí ó tẹ̀ bí ọrun, wà nínú họ́ọ̀bù. Bí a bá fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì, ọ̀pá kékeré kan á yí, á sì tì wọ́n síta kí láínìn, ohun líle tí a lẹ̀ mọ́ ara wọn, lè ha ògiri họ́ọ̀bù. Láínìn á di irin mú, á yọ̀, á tún dì í mú, lọ́pọ̀lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ni à ń gbọ́ bí igbe. Bí gòjé ṣe ń dún náà nìyẹn: irun ọrun rẹ̀ á fa okùn, á jù ú sílẹ̀, á tún fà á, oje igi tí wọ́n fi pa á ló sì ń jẹ́ kí ó rí i dì mú. Ìlú tí Yusuf Ọlátúnjí ti fi gòjé kọ sákárà títí wọ́n fi ń pè é ní Bàbá L'Ẹ́gbàá nìyí, kò yẹ kí èyí ṣòro láti lóye. Bí a bá da epo sí irun ọrun náà, ariwo á dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n orin náà ti tán, nítorí pé ìdìmú kan náà ló ń mú un dún tí ó sì ń mú un ṣiṣẹ́.

Ìdí nìyí tí àṣà dída ọ́ìlì sí ibikíbi tí ó bá ń ké fi ń múni bínú. Láínìn tí ó ti mu ọ́ìlì kò ní ké mọ́, alùpùpù náà kò sì ní dúró mọ́, nínú ìlú tí ọ̀nà rẹ̀ kì í pẹ́ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Yánrìn pépà kò lè tún un ṣe, torí ojú rẹ̀ nìkan ló máa gbẹ. Bí ó bá ti gbóná, ọ́ìlì inú rẹ̀ á tún yọ jáde. Àfi kí a pààrọ̀ rẹ̀.

Láti mọ̀ bóyá bíréèkì ni, kí a máa yí táyà, kí a sì rọra tẹ bíréèkì: bí igbe bá yí padà lójú ẹsẹ̀, òun ni. Bí ó bá ń ké láìtẹ̀ ẹ́, kí a wọ́n omi sára họ́ọ̀bù lẹ́yìn ìrìn. Bí omi bá hó, ṣúù kò padà sí ààyè rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pá tí ń tì í ti dípẹtà. Ẹni tí ó gbé bíréèkì pamọ́ sínú họ́ọ̀bù gbọ́n, òjò àti ẹrẹ̀ kì í sábà dé ibẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé eruku tí láínìn fúnra rẹ̀ ń jẹ sílẹ̀ kò rọ́nà jáde, ibẹ̀ ni ó ti ń gbára jọ tí ó sì ń dá igbe sílẹ̀. Aṣọ tútù ni a fi ń nu eruku yìí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí ẹ̀dọ̀fóró. Bí láínìn bá ṣì nípọn tí ojú rẹ̀ kàn ń dán, yánrìn pépà tó fún un. Gírísì tí ó lè wọ ibẹ̀ kò ju orí ìka kan lọ, ìdí ọ̀pá tí ń ti ṣúù àti ibi tí ṣúù fi ń yí nìkan ni a sì ń fi í sí, kí a tó nu èyí tí ó bá ṣẹ́kù kúrò kí a sì dé họ́ọ̀bù padà.