Kí nìdí tí “this my book” kò fi tọ̀nà?

Ìbéèrè: A máa ń sọ pé “ìwé mi yìí”, kò sì sí àṣìṣe níbẹ̀. Kí ló dé tí wọ́n fi ń fagi lé “this my book” bí a bá kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì?

Ìdáhùn: Nínú èdè Yorùbá, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ orúkọ ni “mi” àti “yìí” ń wà, àyè sì gba méjèèjì láti tẹ̀ lé ara wọn. Iwájú ọ̀rọ̀ orúkọ ni Gẹ̀ẹ́sì ń fi tirẹ̀ sí, àyè ibẹ̀ kò sì gbà ju ẹyọ kan lọ: bí “this”, “that” tàbí “the” bá ti wà níbẹ̀, “my” tàbí “your” kò tún lè bá a dúró. Ẹni tó bá fẹ́ lo méjèèjì pọ̀ yóò gbé ọ̀rọ̀ ìní lọ sẹ́yìn, yóò sì sọ pé “this book of mine”. “Mine” ni, kì í ṣe “my”, nítorí pé “my” kò lè dá dúró láìní ọ̀rọ̀ orúkọ lẹ́yìn.

Ìbéèrè: Ṣebí “this my son” wà nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì?

Ìdáhùn: Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, nínú ìtàn ọmọ onínàákúnàá, Lúùkù 15:24, nínú Bíbélì Ọba James ti ọdún 1611. Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà fàyè gbà á; ti òde òní kò gbà á mọ́.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe lè mọ èyí tó tọ́ nínú “his” àti “her”?

Ìdáhùn: Ibí yìí ló ṣòro jù fún wa, nítorí pé “rẹ̀” kan náà là ń lò fún ọkùnrin, obìnrin àti nǹkan. Ẹni tó ni nǹkan ni kí ẹ wò, ẹ má wo ohun tó ní. Bí ọmọbìnrin kan bá ń dúró de bàbá rẹ̀, “her father” ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin ni bàbá. Ọ̀wọ̀ náà tún máa ń ṣì wá lọ́nà: à ń sọ pé “ọkọ̀ wọn” fún bàbá kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n bí a bá kọ “my father and their car”, ẹni tó ń kà á yóò máa wá àwọn yòókù tó jọ ni ọkọ̀ náà. “His car” ni kí ẹ kọ. Kò sí àrífín kankan nínú rẹ̀.

Ìbéèrè: “This” àti “these” ńkọ́?

Ìdáhùn: “This” àti “that” wà fún ẹyọ, “these” àti “those” fún ọ̀pọ̀. Nítorí pé “yìí” kì í yí padà nínú “àwọn ọmọ yìí”, ọ̀pọ̀ nínú wa ń kọ “this children” dípò “these children”. Ẹ má sì jẹ́ kí lẹ́tà “s” tó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ tàn yín: “this news” ló tọ́, nítorí pé ẹyọ ni Gẹ̀ẹ́sì ka “news” sí.