Kí là ń pè ní ọ̀gbìn ọlọ́pọ̀ ọdún?

Lọ́dún tí ìyá wa lọ bá àbúrò mi obìnrin tọ́jú ọmọ ní Missouri, ní Amẹ́ríkà, díẹ̀ ló kù kí wọ́n fi ọkọ́ hú gbogbo òdòdó ọgbà rẹ̀ dànù. Oṣù kejìlá ni. Ewé ti gbẹ, igi ti dúdú, orí òdòdó tó ti le koko nìkan ló ṣẹ́ kù lókè. Ìyá wa ti ń ro oko ní Kábbà láti kékeré, wọ́n ní ohun tó bá ti gbẹ báyìí, ká kó o kúrò nílẹ̀ ló kù. Àbúrò mi sáré dá wọn dúró: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kò tíì kú. Perennial ni." Alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n pè mí lórí fóònù pé kí ni ìyẹn ń jẹ́.

Ọlọ́pọ̀ ọdún ni mo pè é fún wọn. Àgbàdo jẹ́ ọlọ́dún kan: ó hù, ó gbó, ó kú, àfi ká tún irúgbìn mìíràn gbìn. Ọlọ́pọ̀ ọdún máa ń wà láàyè ju ọdún méjì lọ lórí gbòǹgbò kan náà. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ni ewé wọn ń tutù yí ọdún po, ibẹ̀ ló sì ti ń rú èèyàn lójú. Ẹ wo ata ilẹ̀. Tí ọyẹ́ bá dé, ewé rẹ̀ á pọ́n, á wó lulẹ̀, ilẹ̀ á dà bíi pé a ò gbin nǹkan kan síbẹ̀. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, èéhù rẹ̀ á yọrí. Ohun tí ọyẹ́ ń ṣe fún ata ilẹ̀ níbí ni òtútù ń ṣe fún òdòdó àbúrò mi lọ́hùn-ún.

Echinacea paradoxa ni àwọn onímọ̀ ń pe òdòdó náà. Àwọn òkè Ozark, ní Missouri àti Arkansas, ni ilé rẹ̀. Àwọ̀ àlùkò ló wọ́pọ̀ lára àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀, ṣùgbọ́n òun pọ́n bí ìyeyè, etí òdòdó rẹ̀ sì rọ̀ wálẹ̀ yí orí tó ṣe gọngọ náà ká.

Gbòǹgbò rẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fiyè sí jù. Ó ki, ó lọ tààrà sísàlẹ̀ bíi kárọ́ọ̀tì, inú rẹ̀ ló ń kó oúnjẹ pamọ́ sí de ìgbà òtútù. Nítorí náà, ewé nìkan ló sábà máa ń mú jáde lọ́dún àkọ́kọ́. Ó di ọdún kejì tàbí ìkẹta kó tó tanná. Ẹ má sì máa tú u láti ibì kan gbìn síbòmíràn, tí gbòǹgbò yẹn bá já, ìyà ńlá ló jẹ ẹ́. Oòrùn wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ àti ilẹ̀ tí omi kì í dúró sí ló fẹ́. Ajílẹ̀ púpọ̀ ń mú kó ga gbọọrọ, kó sì wó. Èso rẹ̀ ní láti wà nínú òtútù àti ọ̀rinrin fún bí oṣù kan sí méjì kó tó hù dáadáa; lọ́hùn-ún, ilẹ̀ ìgbà òtútù ló ń ṣe é fún un, àwọn mìíràn ń fi sínú iyanrìn tútù nínú fíríìjì.

Oṣù kẹfà ni àbúrò mi fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, gbogbo ọgbà ti pọ́n. Ìyá wa ti padà sí Kábbà nígbà yẹn. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó títí. "Ó jọ jogbo ojú ọ̀nà Ìyàrà," ni wọ́n wí. Òótọ́ ni, ẹbí kan náà ni wọ́n.