Ẹ̀rọ Awá-irin Kì í Gbóòórùn Wúrà

Láti ọjọ́ tí mo ti fi àwòrán ẹ̀rọ awá-irin tuntun tí mo rà ránṣẹ́ sílé, fóònù mi kò sinmi mọ́. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń gbé, oko àgbẹ̀ kan tó gbà mí láàyè ni mo sì ti ń fi í wá owó àtijọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Ohun tí àwọn ará ilé ń sọ kò jọ ohun tí mò ń ṣe rárá. Àbúrò mi kan ní Ìjẹ̀bú Òde ní, "Bùọ̀dá, ẹ gbé e bọ̀ ní Kérésì. Ẹ ṣáà dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé Bàbá àgbà, á nawọ́ síbi tí wúrà wà." Ẹlòmíràn bi mí bóyá tèmi jẹ́ èyí tó ń rí wúrà láti ìdajì máìlì. Mo ti dáhùn ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi sú mi, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà. Ọ̀pá ni, àwo róbótó kan wà ní ìdí rẹ̀, inú àwo yẹn ni wọ́n ká wáyà sí. Iná bátìrì ń lọ ó ń bọ̀ nínú wáyà náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń sọ àwo náà di òòfà tó ń yí ojú padà. Bí agbára òòfà yìí bá kan irin, idẹ, bàbà, fàdákà tàbí wúrà, iná kékeré á bẹ̀rẹ̀ sí í yí po nínú nǹkan náà, iná yẹn á sì ní agbára òòfà tirẹ̀. Èyí tó ń padà bọ̀ yẹn ni ẹ̀rọ ń gbọ́ tó fi ń dún. Kò sí ibi tó ti mọ orúkọ wúrà. Nọ́ńbà tó ń yọ lójú rẹ̀ kàn ń sọ bí iná ṣe rọrùn láti gba inú nǹkan náà kọjá àti bí ó ti tóbi tó. Òrùka wúrà kékeré àti irin pẹlẹbẹ tí a fi ń ṣí agolo mínírà lè mú nọ́ńbà kan náà wá. Mo ti wa ilẹ̀ nítorí irú irin agolo bẹ́ẹ̀ ju ogún ìgbà lọ láàárín oṣù kan.

Ẹni tó bá fẹ́ rí àpẹẹrẹ gidi, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Hoxne, ní agbègbè Suffolk, ní November 1992. Àgbẹ̀ kan sọ òòlù rẹ̀ nù sínú oko, ó ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Eric Lawes bá òun fi ẹ̀rọ wá a. Òòlù ni ó ń wá tó fi kan owó wúrà àti fàdákà ayé àwọn ará Róòmù tó ju 14,000 lọ. Wọ́n padà rí òòlù náà, àtòun àti owó sì wọ British Museum. Gbogbo èèyàn ló ń rántí wúrà inú ìtàn yìí. Èmi ń rántí pé ẹ̀rọ kan náà ló dún fún òòlù tó sì dún fún wúrà.

Ibi tí èmi àti àwọn èèyàn mi kì í ti í gbọ́ ara wa yé jù ni ti jíjìn. Èrò wọn ni pé bí ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú bá rí owó ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan, ti olówó ńlá á rí i ní mẹ́wàá, pé agbára bátìrì ló kù. Mo bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ bá mi ṣírò rẹ̀. Agbára òòfà tó ń jáde látinú àwo kì í pẹ́ kú sọ́nà. Tí a bá ti jìnnà sí àwo náà díẹ̀, ìgbàkígbà tí a bá sọ jíjìn náà di ìlọ́po méjì, agbára tó máa kan owó á di ìdá kan nínú 8. Kò tíì tán. Ìdáhùn owó náà gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà kan náà padà sókè, òun náà á tún di ìdá kan nínú 8. Ọ̀nà 8 lọ́nà 8 jẹ́ 64. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ bá fi tipátipá gbọ́ ẹyọ owó kan ní 30 sẹ̀ǹtímítà, tí a bá wá gbé owó yẹn lọ sí mítà 3, tó jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá, ohun tó máa padà wá kò ju ìdá kan nínú 1,000,000 lọ. Mílíọ̀nù kan! Ẹ gbé bátìrì ọkọ̀ àjàgbé sí i, kò tó. Bí ẹ bá sì fi agbára kún un, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ á máa dáhùn, ariwo ilẹ̀ á bo ohùn owó mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ pupa tiwa gan-an, irin ló sọ ọ́ di pupa. Ìdajì máìlì wá ńkọ́? Ẹ bá mi ṣírò ìyẹn.

Mo dán an wò fúnra mi. Mo ní ṣílè kan tí ìyá àgbà mi fi sílẹ̀, ti ọdún 1936, igi ọ̀pẹ wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbé ẹ̀rọ sórí tábìlì igi tí kò ní ìṣó, mo lẹ ṣílè mọ́ orí rúlà onígi, mo ń sún un jìnnà sí àwo díẹ̀díẹ̀. Ní 10 sẹ̀ǹtímítà, ó ké gbàù. Ní 20, ohùn náà ti tẹ́ẹ́rẹ́, nọ́ńbà sì ń fò síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ní 25, mo ní láti di mí mú kí n tó gbọ́ ọ. Ní 30, kẹ́kẹ́ pa. Ẹ̀rọ ńlá wà lóòótọ́ tó lè rí páìpù tàbí àgbá irin ní mítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbá nìyẹn. Ẹyọ ṣílè kan kọ́.

Ìbéèrè mìíràn wà tí n kì í gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bi. Kí ni Bàbá àgbà rì mọ́lẹ̀ gan-an? Owó tí àwọn baba wa fi ná ọjà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, owó ẹyọ ni. Ogójì nínú okùn kan, 20,000 nínú ọ̀kẹ́ kan. Ìkarahun ni owó ẹyọ, amọ̀ sì ni ìkòkò tí wọ́n ń kó o sí. Ọ̀kẹ́ kan owó ẹyọ lè wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ mi gan-an kí ẹ̀rọ mi kọjá lórí rẹ̀ láì fọhùn. Oníní àti kọ́bọ̀ tó ní ihò láàárín, ọdún 1907 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ wọ́n fún ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Tọ́rọ́, sísì àti ṣílè tẹ̀ lé e ní 1913. Fàdákà ni wọ́n nígbà náà, ṣùgbọ́n láti 1920 wọ́n ti ń fi idẹ rọ wọ́n. Wúrà ò sí nínú ìkankan wọn, títí tí náírà fi dé ní January 1973.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni àwòrán tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọkùnrin kan fẹ́ fi "ẹ̀rọ wúrà" yá wọn: ọwọ́ bí ti ìbọn, irin gbọọrọ kan tó ń yí fìrì lórí rẹ̀, kò ní àwo, kò ní bátìrì. Bí ọrùn ọwọ́ bá yẹ̀ díẹ̀, irin á yí, ẹni tó dì í mú kò sì ní mọ̀ pé òun ló yí i. Irú nǹkan yìí ni oníṣòwò ará Gẹ̀ẹ́sì kan, James McCormick, tà fún ìjọba Iraq pé ó ń tọ́ka bọ́ǹbù, ADE 651 ló pè é. Èyí tí wọ́n fi ń wá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù ló kọ́kọ́ rà tó yí lórúkọ padà, òun náà ló sì wò ṣe ADE 651. Àwọn sójà ń fi í yẹ ọkọ̀ wò, bọ́ǹbù ń kọjá. Ilé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù rán an lẹ́wọ̀n ọdún 10 ní 2013. Bí kò bá rí bọ́ǹbù tó kún inú ọkọ̀, n ò mọ bí yóò ṣe rí wúrà lábẹ́ ilé Bàbá àgbà.

N kò lè búra pé kò sí nǹkan kan nílẹ̀ yẹn o. Ṣílè lè ti bọ́ lápò ẹnì kan lójúde, tí kò bá rì ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ, ẹ̀rọ mi lè rí i. Bí mo bá dé ní Kérésì, màá kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ olórí ẹbí, màá fi ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé èkejì lórí àgbàlá náà. Bó bá sì jẹ́ ère tàbí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni a kàn, a ò ní gbẹ́ ẹ síwájú, torí òfin ilẹ̀ wa kò gbà kí èèyàn máa hú irú rẹ̀ láì gba ìwé àṣẹ.

Àbúrò mi ti san àsansílẹ̀ fún ọkùnrin "ẹ̀rọ wúrà" yẹn. Mo ní kó lọ gbà á padà kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Bí ọkùnrin náà bá ń jiyàn, kí wọ́n to ife mẹ́wàá sórí ilẹ̀, kí ẹnì kan fi òrùka wúrà pamọ́ sábẹ́ ọ̀kan, kí onítọ̀hún sì kúrò níbẹ̀ pátápátá, kí ẹnikẹ́ni tó kù má mọ èyí tó jẹ́. Kí ó wá fi irin rẹ̀ wá a. Kí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n pè mí.