Àánú Nìkan Kò Sọ Èèyàn Di Nọ́ọ̀sì

Nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn bá délẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ: dókítà ló ń wo àìsàn, nọ́ọ̀sì kàn ń ṣe ohun tí dókítà bá ní kó ṣe ni. Ẹni tó bá ti lójú àánú, tí ọwọ́ rẹ̀ ò sì gbọ̀n nídìí abẹ́rẹ́, ó ti tó nọ́ọ̀sì í ṣe. Èwo wá ni ti ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin nílé ẹ̀kọ́? Ìgbàgbọ́ yìí kò mọ sórí ahọ́n o. Ó ń wọ inú ìnáwó: bí wọ́n bá fẹ́ tún ètò ìlera ṣe, ilé ni wọ́n á kọ́kọ́ kọ́, ẹ̀rọ ni wọ́n á rà, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì á wá dúró de owó tó bá ṣẹ́ kù.

Ibi tí èrò náà ti wá kò fara sin. Ní 1860 ni Florence Nightingale, nọ́ọ̀sì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ nílé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù, owó tí àwọn aráàlú dá jọ nítorí iṣẹ́ tó ṣe nígbà Ogun Crimea ni wọ́n sì fi ṣe é. Àwọn ilé ìwòsàn mìíràn náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá tiwọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn rí i pé òṣìṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú ni akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́. Wọ́n á fi wọ́n ṣe iṣẹ́ wọ́ọ̀dù látàárọ̀, ẹ̀kọ́ á wá di ti alẹ́, nígbà tí oorun ti ń kùn wọ́n. Ní 1923, ìwádìí tí Josephine Goldmark kọ ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ síta pé iṣẹ́ ilé ìwòsàn ń jẹ àkókò ẹ̀kọ́ wọn. Àwòrán ọwọ́ iṣẹ́ lásán yẹn ni kò tíì kúrò lójú aráyé.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni dókítà máa ń lò nídìí bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́. Nọ́ọ̀sì ló wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ohun tí ilé ìwòsàn bá máa rí, ojú nọ́ọ̀sì ló máa fi rí i. Ojú tí wọn ò sì kọ́, á wo nǹkan títí, kò ní rí i.

Ẹ jẹ́ ká mú èémí lásán. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ máa ń mí bíi ìgbà 12 sí 20 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí àìsàn bá ti ń wọ ẹ̀jẹ̀ lọ, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú níbi tí ojú ò tó, èémí sábà máa ń yára kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó wálẹ̀, ó sì lè fi ọ̀pọ̀ wákàtí ṣáájú. Kíkà á kò gbà ju aago kan àti ìṣẹ́jú kan gbáko. Síbẹ̀ òun ni wọ́n máa ń fi ṣeré jù. Ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn rẹ̀ á kà á fún ìṣẹ́jú àáyá 15, á sọ ọ́ di ọ̀nà mẹ́rin. Bó bá ṣi ẹyọ kan kà, mẹ́rin ló ti ṣì. Òmíràn ò tilẹ̀ kà á rárá, á kọ 18 fún gbogbo wọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá rí ìwé aláìsàn tí èémí rẹ̀ jẹ́ 18 láàárọ̀, 18 lọ́sàn-án, 18 lóru, ẹ má tan ara yín, kò sẹ́ni tó kà á.

Ọgbọ́n kan tún wà níbẹ̀. Aláìsàn tó bá mọ̀ pé wọ́n ń ka èémí òun á bẹ̀rẹ̀ sí í mí lọ́nà mìíràn láìmọ̀. Nítorí náà, wọ́n ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé lẹ́yìn tó bá ti ka ìlù ọkàn lọ́rùn ọwọ́ tán, kó má ju ọwọ́ náà sílẹ̀. Kó dì í mú bí ẹni tó ṣì ń kà á, kó wá máa wo bí àyà ṣe ń gòkè sọ̀kalẹ̀.

Ní Britain, láti 2012, wọ́n ti ní ìwé òǹkà kan tó ń fún ohun kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá wọ̀n lára aláìsàn ní máàkì. Èémí 21 sí 24 gba máàkì 2. 25 sókè gba 3. Bí àpapọ̀ máàkì bá di 5, kí wọ́n tètè pe ẹni tó lè wá wo aláìsàn náà. Bó bá di 7, pàjáwìrì ni. Ojú ewé kan péré ni ìwé náà, ẹnikẹ́ni ló lè kà á. Ṣùgbọ́n 18 tí ẹnì kan hùmọ̀ kò ní máàkì kankan, ìwé náà á sì máa sọ pé kò séwu.

Ẹ wá jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ pé nọ́ọ̀sì kàn ń ṣe ohun tí dókítà sọ wò. Dókítà kọ ọ́ pé kí wọ́n fa omi mílílítà 1000 sí aláìsàn lára láàárín wákàtí 8. Ó parí síbẹ̀ ní tirẹ̀. Ẹ̀kán mélòó ni kó máa kán níṣẹ̀ẹ́jú kan? Wákàtí 8 jẹ́ ìṣẹ́jú 480. Bí rọ́bà dírípù náà bá jẹ́ èyí tí ẹ̀kán 20 ń ṣe mílílítà kan, 1000 lọ́nà 20 jẹ́ 20,000; ẹ fi 480 pín in, ó jẹ́ bíi 42. Ṣùgbọ́n rọ́bà ò rí bákan náà: ti ẹ̀kán 10 wà, ti 15 wà, ti 60 wà tí wọ́n sábà máa ń lò fọ́mọdé, ara ọ̀rá rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Nọ́ọ̀sì tó bá ti há 42 sórí, tó wá fi rọ́bà ẹ̀kán 15 ṣe é, omi náà á tán ní wákàtí mẹ́fà. Bó bá jẹ́ ti ẹ̀kán 10, wákàtí mẹ́rin ló máa gbà. Ọ̀dọ́ tí kíndìnrín rẹ̀ le lè tọ̀ ọ́ dànù. Àgbàlagbà tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ ńkọ́? Omi náà lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lọ. Ohun tí dókítà kọ pé pérépéré. Ìṣirò ló gbé e ṣubú.

Ìgbà mìíràn sì wà tó jẹ́ ìwé dókítà ló ní àṣìṣe, pàápàá níbi àmì kékeré tó wà láàárín òǹkà. Kò yẹ kéèyàn kọ .5, 0.5 ni. Kò yẹ kó kọ 5.0, 5 ni. Bí àmì yẹn bá pa rẹ́, .5 á di 5, 5.0 á di 50, ìlọ́po mẹ́wàá nìyẹn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó mọ ìwọ̀n oògùn yẹn dáadáa ló lè dá ọwọ́ dúró, kó gbé fóònù. Ojú àánú ò lè mọ̀ ọ́n.

Wọ́n sì ti wọ̀n ọ́n wò. Ní 2014, ìwádìí tí Linda Aiken àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde nínú The Lancet, ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìṣègùn, wo ilé ìwòsàn 300 ní orílẹ̀-èdè 9 ní Yúróòpù, àwọn aláìsàn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún lé ní 420,000. Bí iye nọ́ọ̀sì tó kàwé gboyè yunifásítì bá fi ìdá 10 nínú 100 pọ̀ sí i nílé ìwòsàn, ewu pé aláìsàn á kú láàárín ọjọ́ 30 ń fi ìdá 7 nínú 100 dín kù. Bí wọ́n bá fi aláìsàn kan ṣoṣo kún èyí tó wà lọ́rùn nọ́ọ̀sì, ewu náà ń fi ìdá 7 nínú 100 pọ̀ sí i. Irú ìwádìí báyìí ń fi hàn pé nǹkan méjì ń rìn pọ̀ ni, òun nìkan kò lè búra pé èyí ló fa ìyẹn. Ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ti jáde ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, ní 2003, nílé ìwòsàn 168. Ohun tí mo rí dì mú níbẹ̀ ni pé ìwé kíkà ò lè bo àìtó èèyàn mọ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì lè bo àìmọ̀ọ́ṣe mọ́lẹ̀.

Ibí ni ìgbàgbọ́ òdì kejì ti máa ń yọjú, àwọn tó fẹ́ràn nọ́ọ̀sì gan-an ló sì ń sọ ọ́: ẹ jẹ́ ká gba akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlọ́po méjì. Lóòótọ́, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2020 pé àwọn nọ́ọ̀sì ayé sún mọ́ mílíọ̀nù 28, àti pé ó ṣì ku mílíọ̀nù 5.9 kí wọ́n tó tó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kíláàsì ni ọ̀nà ti máa ń dí. Ẹgbẹ̀rún èèyàn lè jókòó gbọ́ ẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Nídìí bẹ́ẹ̀dì ni wọn ò ti lè gbà. Òfin Àjọṣepọ̀ Yúróòpù ní kí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì gba ó kéré tán ọdún mẹ́ta àti wákàtí 4,600, kí ìdajì rẹ̀ ó kéré tán jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ lọ́dọ̀ aláìsàn. Wọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀dì 20 tí ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta kó akẹ́kọ̀ọ́ wá sí láàárọ̀ kan náà, kí ni wọ́n á ṣe? Ẹni mẹ́jọ á yí bẹ́ẹ̀dì kan ká, ọ̀kan á fọwọ́ kan aláìsàn, méje á máa yọjú léjìká ara wọn. Wọ́n á sì buwọ́ lùwé fún àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pé wọ́n ti ṣe é.

Ère ìdánrawò, ìyẹn ère tí wọ́n ṣe bí èèyàn kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi kọ́ṣẹ́, lè gbà wọ́n níbẹ̀ dé àyè kan. Ìwádìí àjọ tó ń ṣètò ìdánwò ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2014, fi hàn pé èèyàn lè fi ère àti ìdánrawò rọ́pò ìdajì wákàtí wọ́ọ̀dù láìsí pé àbájáde burú sí i. Ohun táwọn èèyàn máa ń fò nínú rẹ̀ ni pé àwọn olùkọ́ ibẹ̀ gba ẹ̀kọ́ fún un, wọ́n sì ń jókòó tú ohun tó ṣẹlẹ̀ palẹ̀ lẹ́yìn ìdánrawò. Ère tí wọ́n tì mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù kí ó má baà bàjẹ́ ò kọ́ ẹnikẹ́ni.

Èyí tó wá burú jù ni gbólóhùn kan tí akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń gbọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ní wọ́ọ̀dù: “Ẹ gbàgbé tilé ẹ̀kọ́ o, bá a ṣe ń ṣe é níbí nìyí.” Ó ti kọ́ pé ọṣẹ àti omi gba ìṣẹ́jú àáyá 40 sí 60, pé ọtí ìfọwọ́ gba 20 sí 30. Ó débẹ̀, ìgò ọtí ti gbẹ, ọ̀gá ń lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì láìfọwọ́. Kì í pẹ́ tí òun náà fi máa bá wọn ṣe é. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí nọ́ọ̀sì àgbà kan ní wọ́ọ̀dù jẹ́ olùkọ́ wọn, kí wọ́n dín aláìsàn rẹ̀ kù lọ́jọ́ náà, kí olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà sì máa padà wá ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù, torí ẹni tó ti fi bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá, ìtàn ló ń kọ́ni.

Ilé ẹ̀kọ́ tó dáa tún máa ń fi ìpè fóònù dán akẹ́kọ̀ọ́ wò, léraléra, títí yóò fi mọ́ ọn lẹ́nu. Agogo méjì òru ni. Ẹni tí wọn ò kọ́ á ní: “Ẹ jọ̀ọ́ dókítà, aláìsàn yìí ò dáa o.” Ẹni tí wọ́n kọ́ á ní: “Ẹ jọ̀ọ́ dókítà, bẹ́ẹ̀dì 7 ni, ẹni ọdún 64, ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ inú nìyí. Èémí rẹ̀ jẹ́ 16 lágogo mẹ́wàá, 24 ni báyìí. Ìlù ọkàn 112, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ti òkè 104, ooru ara 38.3. Máàkì rẹ̀ ti di 6. Mo rò pé àìsàn ti ń wọ ẹ̀jẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ wá wò ó láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kí ni kí n ṣe kẹ́ ẹ tó dé?” Dókítà tó gbọ́ ìpè àkọ́kọ́ lè ní òun á yọjú láàárọ̀. Ẹni tó gbọ́ èkejì á ti máa wá bàtà.