Ìrù Ló Ń Gbé Ẹja Fò

Ìbàdàn ò ní òkun, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbójú sókè ní Òkè Màpó rí, tó rí àwòdì tó ń rà bàbà, tó na apá gbalaja láì gbọ̀n ọ́n, ti mọ ìdajì iṣẹ́ ẹja yìí. Ẹja tó ń fò là ń pè é, àmọ́ kì í fò bí ẹyẹlé. Lẹbẹ rẹ̀ tó gùn, tó sì fẹ̀, ló kàn ń nà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Irú òmíràn tún ń na méjì mọ́ ọn lẹ́yìn, á wá di mẹ́rin.

Ìrù gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ mú Titus kan lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́ja Bódìjà, kí ẹ jẹ́ kó yọ́ díẹ̀, torí ìrù ẹja dídì tètè ń kán. Ẹ wá tẹ́ ìrù náà: ẹ̀ka òkè àti ti ìsàlẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ti ẹja tó ń fò kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka ìsàlẹ̀ rẹ̀ gùn ju tòkè lọ dáadáa.

Bí ẹja ńlá bíi tuna bá ń lé e, á pa lẹbẹ mọ́ra, á sì fi eré burúkú forí lé ojú omi. Ara á yọ síta, lẹbẹ á là, ẹ̀ka ìrù ìsàlẹ̀ yẹn nìkan ló máa kù nínú omi. Á wá máa jù ú sọ́tùn-ún sósì, ó lè tó ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ibí yìí ló yani lẹ́nu jù. Omi wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 800. Omi tó ń fa ẹja sẹ́yìn ti kúrò lára rẹ̀, síbẹ̀ ìrù ṣì rí omi tì, bí ẹni tó fẹ́ fò sókè ṣe ń wá ilẹ̀ líle fẹsẹ̀ tì. Eré náà lè tó 60 kìlómítà ní wákàtí kan, eré Micra akérò lójú títì tó dán.

Ìrù náà á wá kúrò nínú omi, atẹ́gùn abẹ́ lẹbẹ á gbà á dúró. Ó lè lọ tó 50 mítà. Bí eré bá ti ń kú, kò ní bọ́ sómi tán: ìrù nìkan ló máa tì bọ̀ ọ́, á tún jù ú, á tún gbéra. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lè rin 400 mítà. Lọ́dún 2008, àwọn oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Japan ya fídíò ọ̀kan tó lo ìṣẹ́jú àáyá 45 lókè.

Òkè náà kò fi bẹ́ẹ̀ rọgbọ. Àwọn ẹyẹ òkun ń já a gbà lójú afẹ́fẹ́, ẹja tó ń lé e náà sì lè máa bá a bọ̀ lábẹ́ omi, kó lọ dè é níbi tó máa já sí. Àmọ́ nígbà tí ìrù bá tún kan omi yẹn, ó lè fi ṣẹ́rí sí ọ̀nà mìíràn, kí ọ̀tá ìsàlẹ̀ tó fura.