Bí Iná Ṣe Dé Inú Kọ̀ǹpútà

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Àkúrẹ́, màmá kan máa ń din àkàrà nírọ̀lẹ́ ní àdúgbò wa. Igi ló fi ń dáná, àtùpà kékeré kan sì máa ń wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó fi ń ríran ka owó. Tí atẹ́gùn bá ti fẹ́ wá báyìí, iná abẹ́ agbada á ru sókè, àtùpà á kú. Atẹ́gùn kan náà o! Màmá á fa ẹ̀ẹ́rún igi kan yọ lábẹ́ agbada, á fi tan àtùpà padà, á máa bá àkàrà ẹ̀ lọ.

Ohun tí mo rí lójoojúmọ́ yẹn, òun gan-an ló ti ń da àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì bàálù láàmú láti ìbẹ̀rẹ̀, òun ló sì bí iṣẹ́ tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣe lónìí láti ṣírò iná tí afẹ́fẹ́ ń rú.

Lọ́dún 1883, ní Manchester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Osborne Reynolds, ń jẹ́ kí omi gba inú páìpù gíláàsì kọjá, ó wá ń fi aró tín-ín-rín sí i. Tí omi bá rọra ń lọ, aró á fà gbọọrọ bí òwú. Tó bá sáré dé àyè kan, òwú yẹn á já, á máa yí pòòyì, á tú ká sínú gbogbo omi. Ẹni tó bá ti rí ààjà tó ń kó ewé gbígbẹ kiri nígbà ọyẹ́ ti rí irú ẹ̀. Lewis Fry Richardson, onímọ̀ ojú ọjọ́, wá sọ ọ́ lọ́dún 1922 pé ààjà ńlá ń bí kékeré, kékeré ń bí èyí tó tún kéré sí i, títí agbára wọn á fi tán.

Ọdún 1940 ni Gerhard Damköhler, ará Jámánì, gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìdí iná. Ó ní ààjà ńlá kàn ń ká ojú iná jọ ni, bí ìgbà téèyàn rún aṣọ, ojú tó ń jó á wá pọ̀ sí i, iná á yára. Ààjà tó bá kéré ju bí iná ṣe nípọn lọ á wọ inú iná fúnra ẹ̀. Bí atẹ́gùn bá wá ń gbé ooru lọ kíákíá ju bí iná ṣe ń pèsè ẹ̀ lọ, iná á kú. Àtùpà màmá nìyẹn. Igi abẹ́ agbada ní ẹ̀yinná tó gbóná jọ, ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé atẹ́gùn ń bọ́ ọ ni.

Àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì ò tíì lè ṣírò ìyẹn, wọ́n kàn ń dán an wò ni. Nígbà tí Frank Whittle kọ́kọ́ tan ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1937, epo ti dá jọ sínú ẹ̀, ni nǹkan náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré fúnra ẹ̀, àwọn tó dúró tì í fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ti F-1 ni mi ò lè gbàgbé láé, ẹ́ńjìnnì márùn-ún tó gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì Apollo, èyí tó gbé èèyàn lọ sí òṣùpá, kúrò nílẹ̀, irú epo kẹrosíìnì kan ni wọ́n ń jó nínú ẹ̀. Iná inú ẹ̀ máa ń gbọ̀n débi pé ó lè fọ́ ẹ́ńjìnnì náà láàárín ìṣẹ́jú àáyá, wọ́n sì ń dìídì ju bọ́ǹbù kékeré sínú iná náà láti wò ó bóyá ó máa balẹ̀ padà. Nǹkan bí ìgbà 2,000 ni wọ́n tan ẹ́ńjìnnì odindi kí wọ́n tó rí i ṣe. Ẹ ro owó yẹn!

Kọ̀ǹpútà wá ń dàgbà. Lọ́dún 1972, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì, Orszag àti Patterson, ṣírò afẹ́fẹ́ tó ń ru ní ojúkò 32,768, ìyẹn àwọn àyè tí kọ̀ǹpútà ti ń ṣírò bí afẹ́fẹ́ ṣe ń lọ, láì tíì sí iná níbẹ̀ rárá. Ti ẹ́ńjìnnì gidi ju ìyẹn lọ fíìfíì, torí ààjà inú ẹ̀ ń bẹ láti ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀ dé èyí tí ò tó irun orí. Ọgbọ́n ni wọ́n fi gbà á kọjá. Brian Spalding ní Imperial College, London, ti sọ lọ́dún 1971 pé bí epo àti afẹ́fẹ́ bá ti pò tán, jíjó ò pẹ́, pípò yẹn ló ń pẹ́, nítorí náà ká ṣírò bí ààjà ṣe ń fọ́, ká fi ìyẹn mọ bí iná ṣe ń jó. Èmi gbà pé òun lọgbọ́n tó wù mí jù nínú gbogbo ìtàn yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń ṣini lọ́nà níbi tí iná bá ti fẹ́ kú. Àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ náà ràn wọ́n lọ́wọ́: Joseph Smagorinsky, 1963, ní ká ṣírò ààjà ńlá, ká fojú díwọ̀n kékeré.

Láti 2004 ni OpenFOAM, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe irú ìṣirò yìí, ti wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ lò ó. Àbúrò mi tó ń kàwé ní FUTA fi sórí láptọ́ọ̀pù ẹ̀, ó ń ṣírò iná kan ṣoṣo, ìka méjì ni gíga ẹ̀, ó ti ń lọ sí ọjọ́ kẹta kí iná mànàmáná tó lọ tí bátìrì sì tán. Ó jókòó síbẹ̀ láì sọ nǹkan kan. Nígbà tí iná mànàmáná dé, a rí i pé kọ̀ǹpútà ti tọ́jú ibi tó bá ìṣirò náà dé ní aago méjì òru, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, a sì jọ ń wò ó bí iná yẹn ṣe ń tẹ̀ sápá kan, tó já kúrò lẹ́nu páìpù, tó tún padà gbá a mú.